Bí Mo Ṣe Rí Oníbodè Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, kí ó sáré lọ, nítorí bí ọ̀rọ̀ tèmi bá ti gbéra, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọkọ Àwẹ̀ró, baba Ọdẹ́bùnmi. Igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń fi ọ̀pá tọ́ka sí láti òkèèrè, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ mi. Ẹfọ̀n ti kàn mí rí, òun ló tọrọ gáfárà. Ejò ti bù mí jẹ rí, òun ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rín inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹ jẹ́ kí a yára rín in tán.

Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, atẹ̀wé ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ ìlú wa, níbi tó ti ń bá àwọn agbẹjọ́rò tẹ̀wé, tó ń bá àwọn ọlọ́mọge tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Kọ̀ǹpútà kò ju ọmọ ọwọ́ lọ lójú rẹ̀. Bó bá sunkún, ó mọ ibi tó ń ro ó. Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, a ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ti wà nílé tipẹ́, èyí tí mo fi máa ń ta ayò bí mo bá ti igbó dé, ló sì kù fún mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Ọdẹ́bùnmi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní Kánádà. Ní ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè mí lórí ẹ̀rọ náà, kí baba lè rí ojú ọmọ, kí ọmọ lè rí ojú baba.

Ilé tí ènìyàn méjì ń gbé, bí ọ̀kan bá lọ, ẹ má rò pé ìdajì ilé ló ṣófo. Gbogbo rẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ṣíbí ara mi nínú abọ́. Bí mo bá ti òde dé, èmi náà ni mo ń kí ara mi káàbọ̀, èmi náà ni mo ń dáhùn. Ìpè ọmọ mi yìí ló kù tí mo fi ń mọ̀ pé ayé ṣì ń yí.

Àfi bí ìpè náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọdẹ́bùnmi á la ẹnu, ẹnu náà á dúró gbagidi ní líla, ohùn á ti lọ. Màá gbọ́ "Bàbá, ṣé ẹ..." n kò ní gbọ́ ohun tó fẹ́ mọ̀. Déètà tí mo rà lówùúrọ̀ á ti gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí, bẹ́ẹ̀ n kò fi í ṣe ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kan, kí ó tó já, ọmọ mi ráyè sọ ọ́ tán. Ó ní, "Bàbá, àwọn áàpù inú kọ̀ǹpútà Màámi ló ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn yín. Ẹ kò ṣí wọn, ẹ kò pè wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀."

Mo ní, "Ta ló ń rán wọn?"

Ẹnu rẹ̀ ti dúró ní líla.

Àwọn baba wa ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo pa gbogbo ohun tí mo ṣí lórí ẹ̀rọ náà, mo káwọ́ lẹ́yìn, mo ń wò ó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ iná tíntín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ará mi, mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wo ojú ẹranko nínú igbó. Mo mọ iná, mo sì mọ ojú. Èyí tí mo rí yẹn kì í ṣe iná.

Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ṣakabùlà, mo lọ ba sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ògiri ilé mi fi là bí ètè. Ohun kan yọ jáde, kò ga ju ọmọ ewúrẹ́ lọ. Orí rẹ̀ dán bí igbá, kò ní ojú, kò ní imú. Ó ru ẹrù kékeré kan tí wọ́n fi ewé gbòdògì dì. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mo fò, mo gbá ọ̀kan mú ní ọrùn.

"Ta ni ọ́?"

"Mo-Kàn-Ń-Lọ ni orúkọ mi."

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo kàn ń lọ."

"Ta ló ní kí o máa gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá?"

"Ìwọ ni," ó wí, kò tilẹ̀ gbọ̀n. "Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ gígùn jáde níwájú rẹ, tí o kò kà á, tí o tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Mo gbà' sí."

Mo já ewé ẹrù rẹ̀. Ikọ́ tí mo hú ní àárọ̀ ọjọ́ náà ló wà lókè. Orúkọ òróró tí mo bèèrè fún orúnkún mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n rọra ká a jọ bí aṣọ, ni bí mo ṣe pẹ́ tó lórí àwòrán Àwẹ̀ró, èyí tó ti wé gèlè búlúù.

Mo ní, "Ta ló fẹ́ mọ bí mo ṣe ń pẹ́ tó lójú ìyàwó mi?" Ṣùgbọ́n ó ti yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi bí hóró ilá, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó ki orí bọ igbó. Èmi Ọdẹ́rìndé náà ki orí bọ̀ ọ́.

Igbó Ẹ̀yìnkùlé! Ẹ má wá a lọ jìnnà, ẹ̀yìn ilé olúkúlùkù yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rin igbó tí ẹyẹ ń sọ̀rọ̀. Mo ti rin igbó tí igi ń bú ènìyàn, tí mo sì bú u padà. N kò rin èyí tó dá páropáro bíi tirẹ̀ rí. Kòkòrò kan kò dún níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rù ń kọjá ní ọ̀tún, wọ́n ń kọjá ní òsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láti ilé àwọn tí n kò mọ̀, kò sì sí èyí tó kí èkejì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o!" Ohùn mi lọ, kò padà. Ẹni tó bá mọ igbó mọ̀ pé igbó tí kì í dá ohùn padà, ibẹ̀ ni ọkùnrin ti ń mọ̀ pé òun nìkan ló wà.

Ibi tí ọ̀nà ti fún ni Elétí-Igba ti dìde sí mi. Iwin ni. Etí ló fi bo ara: etí ní àyà, etí ní orúnkún, etí wẹ́wẹ́ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò ní ojú, kò sì ní ẹnu, nítorí ohun tí ènìyàn bá sọ ni oúnjẹ rẹ̀, etí ló sì fi ń jẹun. N kò tètè mọ̀. Mo pe ọfọ̀ lé e lórí, ni ó bá ga sí i. Mo ka oríkì ìran mi fún un kí ó lè mọ ẹni tó ń bá jà, ni ó bá ga kọjá ìrókò. Mo bú ìyá tó bí i, ọwọ́ rẹ̀ gùn tó láti gbé mi kúrò nílẹ̀. Mo yìnbọn. Ẹ̀yin ará mi, ìró ìbọn náà ìró ni; ó jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ sì dún gbùrù bí ti ẹni tó yó.

Ó gbé mi dání lókè bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹlé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ ọdẹ ti tán. Ohun tí ilé òfìfo ti kọ́ mi ló kù. Mo dákẹ́.

Ó mì mí, mo dákẹ́. Ó fi etí kan rìn mí ní ìhà, mo rín ẹ̀rín náà sínú, mo dákẹ́. Ó rò pé yóò sú mi. Kò mọ irú ilé tí mo ti ń bọ̀. Ẹni tó ti ń jẹun láìfọhùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, ta ni yóò fi ìdákẹ́jẹ́ dẹ́rù bà á? Iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó rù dé ìwọ̀n ènìyàn, ó rù dé ìwọ̀n ajá, ó rù títí ó fi tó ìgbín, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ọdẹ yòókù a máa fi oògùn ṣẹ́gun iwin. Ìdánìkanwà ni èmi fi ṣẹ́gun tèmi. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Kì í ṣe ohun tí à ń pàtẹ́wọ́ sí.

Bí mo ṣe yọ sí gbangba báyìí, ìlú ńlá kan ni mo bá. Kí n tó dé ẹnu odi ni wọ́n ti ń kígbe, "Ọdẹ́rìndé! Ọdẹ́rìndé! Orúnkún ńkọ́? Ikọ́ àárọ̀ ńkọ́?" Ó dùn mọ́ mi dé eegun. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ikọ́. Mo na ọwọ́ kí wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, ni ojú wọn bá kọjá lára mi. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kí.

Ère amọ̀ kan wà ní àárín ìlú. Ọdẹ́rìndé ni. Ó wọ́ ẹsẹ̀ bí mo ṣe wọ́ ẹsẹ̀, ó pá níbi tí mo pá. Àwọn ará ìlú yí i ká, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń fi ohùn mi dá wọn lóhùn.

"Ọdẹ́rìndé, ṣé ìwọ yóò ra òróró orúnkún mìíràn?"

"Ẹ gbé e wá."

"Ọdẹ́rìndé, ṣé kí a wá ìyàwó tuntun fún ọ?"

"Kò tíì yá. Ẹ tún bi mí lọ́la."

Obìnrin kan tó ti ká apá aṣọ dé ìgúnpá jókòó tì í, wọ́n ń pè é ní Ìyá Alámọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń dé. Yóò tú ewé, yóò bu omi sí ohun tó bá nínú rẹ̀, yóò pò ó, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ère náà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Èmi ni ẹni tí ẹ ń mọ yìí."

Kò gbójú sókè. "Ẹni tí mo ń mọ ló wà níwájú mi yìí."

"Ẹ wò mí, ẹ jọ̀wọ́."

"Kí ni kí n wò? Mo mọ ìgbà tí o ń sùn àti ìgbà tí o ń jí. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́. Mo mọ bí o ṣe ń pẹ́ lórí obìnrin onígèlè búlúù yẹn. Kí ló kù lára rẹ tí ojú ń wá?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́ tán, tí ẹnì kan kò sì rí ọ, ó burú ju ìlú àjèjì lọ. Àjèjì ṣì lè bi ọ́ pé níbo lo ti wá.

Nígbà tó yá, ìbínú gbé mi dìde. Mo ní, "Bí amọ̀ yìí bá jẹ́ èmi lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ìbéèrè kan péré. Kí ni Àwẹ̀ró sọ fún mi kẹ́yìn, kí ó tó dákẹ́?"

Amọ̀ náà la ẹnu. Ó ní, "Ó ní... Ó ní pé..." Kò rí i sọ. Ní ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ń lọ, iná kò sí, ẹ̀rọ kankan kò sí ní títàn nínú yàrá náà, bí kò ṣe èmi àti òun, àti ọmọńlé kan lára ògiri. Ẹnì kankan kò gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ère náà tún gbìyànjú, ni ètè rẹ̀ bá sán, ó sán dé àyà.

Nígbà náà ni gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá Alámọ̀ náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ lẹ́wà, ó jọ ti ẹni tí kì í sùn tó. Wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó. Wọ́n bu omi fún mi mu. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò ní èjìká mi.

"Ọdẹ́rìndé wa," ni wọ́n ń wí, "kí ló sọ? Sọ ọ́ fún wa, ìwọ náà ṣàánú wa. Kí ló sọ?"

Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti kú, kò sí ẹni tó gbọn eruku lára mi rí. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá, ó dé ọ̀fun mi, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe nítorí pé mo ya òmùgọ̀, nítorí pé wọ́n ń wò mí ni. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ Ìyá Alámọ̀. Ó ti tì í bọ omi, ó ti ń po amọ̀ sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí náà, mo rí i bí ẹ ti ń na ọrùn. N kò ní sọ ọ́ fún yín. Tèmi ni.

Bí wọ́n ṣe rí i pé n kò ní sọ̀rọ̀, wọ́n gba àpótí wọn lábẹ́ mi, wọ́n sì gbàgbé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n padà sídìí amọ̀. Ìyá Alámọ̀ nìkan ló ṣì ń wò mí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti yí padà.

Ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń mọ ènìyàn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara yín wá bá mi. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu láti fọ́ ère yìí. Bí ẹrù bá ṣì ń dé, mo máa mọ òmíràn. Ẹrù ni kí ẹ dá dúró. Oníbodè kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ ti kọjá lára rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń bọ̀. Kò sí ẹni tí kì í kọjá lára rẹ̀."

"Kí ló dé tí òun kò dá wọn dúró?"

"Ta ló sọ fún un pé kí ó dá wọn dúró?"

Mo padà. Ọ̀nà tí mo fi ìjà gbà lọ, ẹsẹ̀ wíwọ́ ni mo fi gbà á bọ̀. Ní ẹ̀yìn ọgbà mi, níbi tí mo ti máa ń rò pé kùkùté kan wà, ọkùnrin kúkúrú kan ló jókòó síbẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ọgbà. Ewédò ti hù sí èjìká rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rù sì ń fo ọ̀pá náà kọjá bí ọmọdé ṣe ń fo kòtò.

Mo ní, "Ìwọ ni oníbodè?"

Ó ṣí ojú. "Èmi ni. Bèèrè ni orúkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ti wọ ilé rẹ ni mo ti wà níbí, n kò gbọ́ ohùn onílé rí. Oníbodè tí onílé kò fún ní ọ̀rọ̀, òkúta ló yàtọ̀ sí i díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́?"

"Méjì péré. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bèèrè. Ìdáhùn kì í ṣe tèmi, tìrẹ ni."

Inú bíbí ò jẹ́ kí n ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́! Fún gbogbo wọn! Kí ìkankan má jáde, kí ìkankan má wọlé!"

Ó nàró, ó fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà. Gbogbo wọn dúró. Iná tíntín ara ẹ̀rọ kú. Mo wọlé, mo jókòó, mo ń yọ̀. Ìgbà tí mo máa jáde padà, ẹlẹ́rù kan wà ní òdì kejì ọ̀pá, àárẹ̀ ti mú un. Ó ní, "Ìpè Ọdẹ́bùnmi ni mo gbé wá. Ó ti pè, ó ti pè. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé." Ẹni tó bá dáná sun ilé nítorí eku, eku á sá lọ, òun ni yóò sùn síta.

Mo gbé àpótí mi wá ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó ti Bèèrè. A sì ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni ọ́? Ta ló rán ọ? Níbo lò ń lọ? Kí ló wà nínú ẹrù rẹ?

Ìpè ọmọ mi ló kọ́kọ́ kọjá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbàkígbà tí ó bá dé. Má tilẹ̀ bi mí mọ́."

Ọ̀kan ní òun ń lọ gba oògùn tí ẹ̀rọ fi ń dènà àrùn. Mo ní kí ó lọ, kí ó má pẹ́.

Ọ̀kan ní, "Inú ayò tí o máa ń ta lórí ẹ̀rọ ni mo ti wá. Mo ń lọ sọ ibi tí ilé rẹ wà."

"Kí ló kan ayò pẹ̀lú ilé mi? Ṣé ọmọ ayò fẹ́ wá bá mi gbé ni?"

"Wọ́n kàn ní kí n..."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Padà sínú ọpọ́n."

Mo-Kàn-Ń-Lọ dé. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè, "mo kàn ń lọ" náà ló ń wí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó. Ó jọ pé kò jókòó rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn ti tán lójú mi, ọ̀kan ṣẹ́kù. Kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, ẹrù rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ. Ó dúró níwájú mi, ó sì kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọdẹ́bùnmi. Ṣé igbó dára?"

Orí mi wú. Nínú gbogbo igbó yẹn, nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ló kí mi. Mo ní, "Ta ló rán ọ?"

"Ìyá Ọdẹ́bùnmi ni. Wọ́n ní nígbàkígbà tí ẹ bá ti igbó dé, tí ẹ bá ti ṣí kọ̀ǹpútà, kí n sáré lọ bá fóònù àwọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí n sọ pé, 'Ọkọ yín ti dé láyọ̀.' Wọ́n ní ìgbà náà ni ọkàn àwọn máa ń balẹ̀ tẹ̀wé."

N kò mọ̀. Mo búra fún yín, n kò mọ̀ rí. Gbogbo ọdún tí mo ń wọ igbó tí mo ń jáde, tí mo rò pé kò bẹ̀rù nítorí pé kò sọ fún mi pé òun ń bẹ̀rù.

Mo ní, "Ṣé o ṣì ń lọ?"

"Mo ń lọ. Ó ti pẹ́ tí fóònù náà ti wà ní pípa. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn, n kì í gbọ́ nǹkan kan, màá padà. Bóyá wọ́n ń sùn ni."

Bèèrè ní, "Onílé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní kí ó dúró ná. Mo ní mo fẹ́ bá a lọ.

Ọ̀nà náà kò gùn. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà ní ìparí rẹ̀, eruku ti bò ó. Ọmọ náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó rọra kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Ọdẹ́bùnmi, Bàbá ti dé o." Ó fetí sílẹ̀. Ó tún kàn án. "Wọ́n ti dé láyọ̀ o."

Mo jókòó tì í nílẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, a túfọ̀ fún ẹbí, a túfọ̀ fún ará ìjọ, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà. Àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́, èmi kàn ń mi orí. Kò sẹ́ni tó rántí kékeré yìí.

Mo ní, "Gbọ́. Ìyá Ọdẹ́bùnmi ti sùn."

"Bí mo ṣe rò ó náà nìyẹn," ó wí. "Kí n dúró títí wọ́n á fi jí."

"Rárá. Wọ́n ti re ilé."

"Ilé wo? Ẹ júwe rẹ̀ fún mi, kí n bá wọn níbẹ̀."

"Ọlọ́run ló pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ìpè náà."

"Kò burú. Bí wọ́n bá jẹ́ ìpè tán, wọ́n á padà."

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo ọ̀rọ̀ rírọ̀ tí àwọn baba wa fi bo ikú mọ́lẹ̀, mo mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò bo nǹkan kan. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

"Àwẹ̀ró ti kú. Kò ní padà wá."

Ó gbé hóró ẹrù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ni kí n wá máa sọ fún bí ẹ bá dé?"

Mo ní, "Máa sinmi. Èmi fúnra mi ni n ó máa sọ ọ́."

A jọ padà. Bèèrè tún bi mí, mo sì dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Nínú gbogbo bẹ́ẹ̀ kọ́ tí mo sọ, òun nìkan ni mo sunkún sí.

Mo wọlé, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo pe Ọdẹ́bùnmi. N kò pè é rí. Òun ló máa ń pè mí. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí. Mo ti dé ni."

"Ẹ ti ibo dé?"

"Láti ẹ̀yìnkùlé."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rí gbogbo eyín rẹ̀, ẹnu náà sì padé nígbà tó yẹ kó padé. Ó jọ ìyá rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Mo ní, "Bùnmi, ilé dá."

"Mo mọ̀, Bàbá," ó wí. "Ibí náà dá."

Mo ti rò pé ẹni tó wà láàárín iná ìlú òyìnbó kò lè mọ irú rẹ̀. A kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó gbé fóònù sójú, èmi náà gbé ojú sí i. Mo ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí wọ́n ń tì kọjá lẹ́yìn rẹ̀; òun náà ń gbọ́ ewúrẹ́ ilé kejì. Kò já. Kò sì sí ẹni tó gbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ síbì kankan.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹnu mi náà dé. Ẹni tó bá ní ibi tó ń lọ nínú yín, kó máa lọ, a ó tún ríra. Ẹni tí kò bá kánjú, kó dúró tì mí díẹ̀. Kò di dandan kí a sọ̀rọ̀.